Ṣé Òótọ́ Ni Pé Ìbọn Àtijọ́ Dára Ju Ti Òde Òní Lọ? Àgbéyẹ̀wò Ìtàn Ìbọn Ọdẹ ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fẹ́ràn láti máa kọ nígbàkúùgbà tí a bá ní kí wọ́n kọ àròkọ lórí iṣẹ́ ọdẹ. Wọn a ní ìbọn ayé àtijọ́ dára, pé ó lágbára, pé ó sì ń tọ́jọ́, ṣùgbọ́n pé ìbọn òde òní kò já mọ́ nǹkan kan. Nínú ìwé ìdánwò àṣedánrawò tí a yẹ̀ wò ní ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Sùúrùlérè, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó kọ irú gbólóhùn yìí, ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó sọ ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Àwa náà fi báírò pupa fọwọ́ sí i pé ó tọ́, a sì kọjá lọ.

Ohun tó mú wa padà ronú lé ọ̀rọ̀ náà ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọdẹ àdúgbò wa. Ẹni tó bá mọ Sùúrùlérè, Yábàá àti Múṣin dáadáa yóò mọ̀ pé ní agbègbè wọ̀nyí, bí a bá dárúkọ ọdẹ, ẹni tí ó ń ṣọ́ òpópónà lóru ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ sí, kì í ṣe ẹni tí ó ń pa ẹran nínú igbó. Ṣùgbọ́n baba àgbàlagbà tí ó ń ṣọ́ òpópónà tiwa jẹ́ ọmọ ọdẹ ní tòótọ́; apá Òkè Ògùn ni ó ti wá. Ìbọn méjì ni ó ní. Ọ̀kan jẹ́ ogún baba rẹ̀. Èkejì ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ kan tí a kò ní dárúkọ. Ní òru ọjọ́ kan, ó yin ìbọn tuntun náà sókè láti fi lé àwọn olè. Ọ̀pá ìbọn náà bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì gé ìka méjì dànù ní ọwọ́ òsì rẹ̀. Nígbà tí a lọ kí i, gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó ń tẹnu mọ́: ‘Tíṣà, ẹ̀yin náà ẹ rí i, ìbọn baba mi kò jẹ́ ṣe èyí sí mi láéláé.’

A gbà pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò máa bá ẹni tí ó wà nínú ìrora jiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, a bi ara wa léèrè: ṣé nítorí pé ìbọn baba rẹ̀ ti pẹ́ ni kò fi bẹ́, àbí nǹkan mìíràn wà níbẹ̀? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ dáhùn nínú àpilẹ̀kọ yìí. Kókó tí a fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé kì í ṣe ọjọ́ orí ìbọn ni ó ń sọ ọ́ di rere tàbí búburú. Ohun méjì ni ó ń ṣe é: ìdánwò tí a fún un kí ó tó dé ọwọ́ ọdẹ, àti pé ẹnì kan wà tí yóò dáhùn fún un bí ó bá bàjẹ́.

Àlàyé lórí ìbọn àti àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀

Kí á tó wọnú ìtàn, ó yẹ kí á ṣe àlàyé díẹ̀ lórí irú ìbọn tí a ní lọ́kàn. Ṣakabùlà ni gbajúmọ̀ láàárín àwọn ọdẹ wa. Ọ̀pá irin gígùn tí ó ní ihò kan ni, a sì ń ki ẹ̀tù àti ọta sínú rẹ̀ láti ẹnu. Àwọn òyìnbó sọ ọ́ lórúkọ mọ́ àwọn ará Dẹ́ńmákì, nítorí wọ́n gbà pé àwọn oníṣòwò ilẹ̀ náà wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kó irú rẹ̀ wá sí etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ìbọn ní ẹnu, ó ní ìdí, ó ní ọ̀pá tí a fi ń kì í, ó sì ní apátí. Apátí yìí ni irin tí ó ń mú kí iná dé inú ẹ̀tù kí ìbọn tó sán. Òwe àwọn àgbà kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parun: wọ́n ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni ó jẹ́ jẹ́ kí a kọjú ìbọn sí òun? Lára ìbọn ìgbà kìíní, òkúta ni ó wà ní ẹnu apátí. Yóò gbá mọ́ irin, yóò sì ta iná. Nígbà tí ó yá, fìlà idẹ kékeré tí ó ní oògùn oníná nínú rọ́pò òkúta lára àwọn ìbọn mìíràn.

Irú kejì ni dọ́bù bárẹ̀lì, ìbọn ẹlẹ́nu méjì. Ìdí ni a ti ń ṣí èyí, kátíríìjì tí a ti dì láti ilé iṣẹ́ ni a sì ń kì sí i. Iye owó rẹ̀ àti ìwé àṣẹ tí ó ń fẹ́ kò jẹ́ kí ó tètè dé ọwọ́ tálákà ọdẹ. Nítorí náà, bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìbọn ọdẹ ní ilẹ̀ Yorùbá, ìtàn ṣakabùlà ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ìbọn tí àwọn baba wa rà

Ìbọn ti ń dé etí òkun wa tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ó gbilẹ̀ nínú ogun ilẹ̀ Yorùbá. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, sọ pé nígbà Ogun Òwu, ní àwọn ọdún 1820, àwọn Ìjẹ̀bú ti ní ìbọn lọ́wọ́ nígbà tí àwọn ará Òwu ṣì gbójú lé àdá. Èyí kò yani lẹ́nu, nítorí pé Ìjẹ̀bú súnmọ́ etí òkun tí ọjà òyìnbó ń gbà wọlé. Láti ìgbà náà lọ, ìlú tí kò bá ní ìbọn mọ̀ pé òun wà nínú ewu, Èkó, Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́ sì di ẹnu ọ̀nà tí ìbọn ń gbà wọlé.

Ta ni ó ń ṣe wọ́n? Ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ìlú Liège ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Bẹ́ljíọ̀mù lónìí ni ó gbajúmọ̀ jù. Ìbọn tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ọmọ ogun tiwọn yàtọ̀, ìbọn tí wọ́n ń ṣe fún ọjà Áfíríkà yàtọ̀. Irin tí ó rẹlẹ̀ jù ni wọ́n ń lò fún tiwa kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀. Ní 1766, ọlọ́lá kan tí ó ń jẹ́ Lord Shelburne lọ sí Birmingham, ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Ó ní ìbọn tí ó ju 150,000 lọ ni wọ́n ń kó lọ sí Áfíríkà lọ́dún kan, pé wọ́n ń ta àwọn kan nínú wọn ní ṣílè márùn-ún ààbọ̀, àti pé ju ìdajì wọn lọ ni yóò bẹ́ mọ́ ẹni tí ó bá kọ́kọ́ yìn ín lọ́wọ́. Ohun tí ó rí bà á nínú jẹ́, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ rẹ̀ kò dá ọjà náà dúró.

Ẹ jẹ́ kí á ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ní 1766, kò tíì sí Ìbàdàn tí a mọ̀ lónìí, Ọ̀yọ́ Ilé ṣì wà lórí ìtẹ́. Àtijọ́ gan-an ni. Síbẹ̀, ọkùnrin tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìbọn náà ni ó sọ pé ìkà ni a ń ṣe sí ẹni tí yóò rà á. Bí a bá mú àkọsílẹ̀ yìí ní ọwọ́ kan, tí a sì mú gbólóhùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ọwọ́ kejì, a óò rí i pé àwọn méjèèjì kò lè jókòó sórí àga kan náà láìsí àlàyé.

Ìdánwò ọ̀pá ìbọn

Àlàyé náà bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìdánwò. Àwọn ará Yúróòpù ti mọ̀ látijọ́ pé ojú lásán kò lè fi ìbọn rere hàn yàtọ̀ sí búburú. Ọ̀pá méjì lè máa dán bákan náà, kí ọ̀kan ní ìlà tín-ín-rín nínú ara irin rẹ̀ tí ojú kò lè rí. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọn a ki ẹ̀tù tí ó pọ̀ ju ti ojoojúmọ́ lọ sínú ọ̀pá náà, wọn a dúró sí ibi tí ewu kò lè dé, wọn a sì yìn ín. Èyí tí ó bá bẹ́, ó bẹ́ níwájú ẹni tí ó ṣe é, kò bẹ́ mọ́ ẹni tí ó rà á lọ́wọ́. Èyí tí kò bá bẹ́, wọn a lu àmì sí i lára.

Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ìbọn ní Lọ́ńdọ̀nù gba ìwé àṣẹ ọba ní 1637. Liège ní ilé ìdánwò tirẹ̀ ní 1672. Ní ti Birmingham, ó di 1813 kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó ṣe òfin tí ó dá ilé ìdánwò sílẹ̀ níbẹ̀. Bí a bá ka ọdún láti ìgbà tí Shelburne kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ọdún 47 ni ó gbà. A kò lè sọ pé gbogbo ìbọn tí ó wá lẹ́yìn 1813 ni ó dára, nítorí ọjà olówó pọ́ọ́kú kò parẹ́ lójú kan. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ìyàtọ̀ wà láàárín ìbọn tí ó ní àmì àti èyí tí kò ní.

Nígbà tí ọwọ́ ọdẹ àdúgbò wa san, a bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí á wo ìbọn baba rẹ̀. Ó gbé e jáde láti inú aṣọ tí ó fi wé e. Ní abẹ́ ọ̀pá náà, nítòsí ìdí, lẹ́yìn tí a fi epo nù ún, a rí àmì kékeré méjì: adé kan lórí ọ̀pá àṣẹ méjì tí ó dábùú ara wọn. Àmì ilé ìdánwò Birmingham ni, irú èyí tí wọ́n lò láti 1813 títí di 1904. Baba náà ti ń rí àmì yìí láti kékeré. Ohun tí ó sọ fún wa ni pé òun rò pé ọ̀nà ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Níbẹ̀ ni ojú wa ti là. Kì í ṣe ọjọ́ orí ni ó gba ọwọ́ baba rẹ̀ là. Ẹnì kan ní òkè òkun ti yin ìbọn náà kíkankíkan kí ọdẹ Òkè Ògùn kankan tó fi ọwọ́ kàn án.

Kírìjì, Brussels àti ìbọn tí a fi sílẹ̀ fún wa

Ó yẹ kí á wo ìdí tí ṣakabùlà fi wà lọ́wọ́ ọdẹ wa di òní nígbà tí àwọn ará ibi tí ó ti wá ti pa á tì. Nígbà Ogun Kírìjì, láti 1877 títí di 1893, ìbọn tuntun tí a ń kì láti ìdí dé ojú ogun. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó, nínú ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀, ran àwọn ará ilé lọ́wọ́ láti rí irú ìbọn bẹ́ẹ̀. Ìró ohun ìjà tí ó ń dún lórí òkè ni a gbọ́ pé ó fún ogun náà lórúkọ. Àwọn Ìbàdàn tí wọ́n mọ ogun jíjà tí ó fi di bárakú fún wọn rí i pé ìbọn tí ó yára tí ó sì lọ jìnnà lè dá akọni dúró.

Àwọn ìjọba Yúróòpù náà rí i. Ní 1890, wọ́n ṣe àdéhùn kan ní ìlú Brussels. Òwò ẹrú ni wọ́n ní àwọn fẹ́ fi òpin sí, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìbọn sínú rẹ̀. Wọ́n kà á léèwọ̀ kí a kó ìbọn ìgbàlódé wọ apá Áfíríkà tí ó wà láàárín ìlà 20 ní àríwá àti ìlà 22 ní gúúsù. Ìbọn olókùúta tí kò ní ìlà yíyí nínú ihò rẹ̀, àti ẹ̀tù ọjà lásán, ni wọ́n fi àyè gbà. Ilẹ̀ Yorùbá wà láàárín ìlà méjèèjì. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní oṣù karùn-ún 1892, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ìbọn Maxim dé Ìmàgbọ̀n, wọ́n sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, tí ó jẹ́ pé ìbọn tí a ń kì láti ẹnu ni ó pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn. Ìjẹ̀bú tí ó kọ́kọ́ fi ìbọn borí Òwu ni ìbọn tí ó sàn ju tirẹ̀ lọ wá borí.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ọ̀rọ̀ wa ni pé òfin ni ó dá ṣakabùlà dúró sí ojú kan. Ayé ń lọ síwájú, ṣùgbọ́n irú ìbọn tí a gbà fún wa kò gbọ́dọ̀ lọ. Nígbà tí a sì gba òmìnira, kò sí ìyípadà ńlá. Òfin Ìbọn ti 1959, tí ìjọba amúnisìn fi sílẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú òmìnira, pín ìbọn sí ìsọ̀rí ìsọ̀rí, ó sì fi ìbọn tí a ń kì láti ẹnu sí ìsọ̀rí tirẹ̀. Ẹni tí yóò ní in gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, kò sì sí ẹni tí òfin gbà láyè láti dá rọ ìbọn nínú ilé arọ rẹ̀ láìgba àṣẹ. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ dìde lórí owó orí nínú rògbòdìyàn Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 sí 1969, ṣakabùlà náà ni ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn. Nígbà tí ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù sì dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù kìíní 2020, tí wọ́n pe àwọn ọdẹ sí iṣẹ́ ààbò, ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ jáde ni irú ìbọn tí wọn yóò mú lọ́wọ́.

Láti ọ̀pá tí a rọ dé ọ̀pá páìpù

Nígbà tí ìbọn tí ó ń ti òkè òkun bọ̀ dínkù, àwọn alágbẹ̀dẹ wa gba iṣẹ́ náà. Wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìbọn. Nígbà ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ni ó ń tún ìbọn ṣe tí wọ́n sì ń rọ ọta. Ṣùgbọ́n irin tí wọ́n ń lò ti yí padà. Bí irin òyìnbó ṣe ń pọ̀ sí i ni àwọn tí ń yọ́ irin láti inú ilẹ̀ ń fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Ojú irin rélùwéè tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Èkó ní 1896, tí wọ́n ṣí dé Ìbàdàn ní 1901, mú irin púpọ̀ wá. Lónìí, ẹni tí ó bá dé ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin yóò rí irin ọkọ̀ àlòkù lóríṣiríṣi.

A lọ bá alágbẹ̀dẹ àgbà kan ní Múṣin. Kì í rọ ìbọn. Ọkọ́, àdá àti irin fèrèsé ni iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n baba rẹ̀ rọ ìbọn ní ìlú wọn. Lẹ́yìn tí a kí i tí a sì jókòó tì í lẹ́bàá ẹwìrì, ó sọ ohun méjì fún wa tí a kò lè gbàgbé.

Èkíní ni ti irin. Ó ní baba òun a máa lu irin yí ọ̀pá ká, a máa dá a padà sínú iná, a sì tún máa lù ú, títí ojú ìsopọ̀ kò fi ní hàn mọ́. Àwọn àgbà ní alágbẹ̀dẹ tí ó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ní ìsinsìnyí, páìpù omi ni ọ̀pọ̀ ń gé. Páìpù omi kò sì ní ẹ̀bi. Omi ni wọ́n ṣe é fún. Pẹlẹbẹ irin ni wọ́n ká tí wọ́n jó pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, agbára omi inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbára ẹ̀tù tí ó gbiná. Ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ náà ni yóò ti ya.

Èkejì ni ti ìdánwò. Ó ní bí baba òun bá rọ ìbọn tán, yóò so ó mọ́ igi lẹ́yìn ilé, yóò kì í ní àkìyó, yóò so okùn gígùn mọ́ apátí rẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ rà á yóò sì wà níbẹ̀ tí wọn yóò fi fa okùn náà lẹ́ẹ̀mẹta. A wá bi í léèrè ìdí tí wọn kò fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: ‘Ẹ̀yin olùkọ́, níbo ni wọn yóò ti so ó? Bí ìbọn bá dún lẹ́ẹ̀kan ní Múṣin níbí, ọlọ́pàá yóò ti dé kí èéfín rẹ̀ tó lọ.’

Nínú ẹ̀rín yìí ni ìdáhùn ìbéèrè wa wà. Iṣẹ́ tí a ń ṣe ní ìkọ̀kọ̀ kò ní ìdánwò, nítorí pé ìdánwò ìbọn kò ṣe é fi pamọ́. Kò ní àmì, nítorí pé àmì yóò tọ́ka sí ẹni tí ó ṣe é. Kò ní ẹni tí yóò dáhùn, nítorí pé ẹni tí ó rà á náà kò lè lọ fi ẹjọ́ sùn. Ọdẹ àdúgbò wa kò padà lọ bá alágbẹ̀dẹ tí ó ta ìbọn fún un. Kí ni yóò wí? Láyé àtijọ́, alágbẹ̀dẹ àti ọdẹ ń gbé ìlú kan náà, wọ́n jọ ń bọ Ògún, ojú ń ti alágbẹ̀dẹ bí iṣẹ́ rẹ̀ bá pa ọmọ aládùúgbò rẹ̀ lára. Kì í ṣe pé ọwọ́ alágbẹ̀dẹ òde òní rọ. Ohun tí ó so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ ni ó já.

Ṣé ilẹ̀ wa nìkan ni?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé aláwọ̀ dúdú nìkan ni ó ń ráhùn pé ìbọn tuntun kò tó ti àná. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Winchester yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe ìbọn ọdẹ wọn padà ní 1964 kí ìnáwó lè dínkù. Àwọn ẹ̀yà kan tí wọ́n máa ń gbẹ́ láti inú odidi irin di èyí tí wọ́n fi pẹlẹbẹ irin tẹ̀. Àwọn ọdẹ ibẹ̀ sọ̀rọ̀ títí ó fi jẹ́ pé di òní, ẹni tí ó bá fẹ́ ta ìbọn Winchester kan yóò kọ́kọ́ sọ bóyá ó ṣáájú 1964. Ní ìparí 2007, ilé iṣẹ́ Remington kéde pé òun yóò ra Marlin. Nígbà tí ó yá, wọ́n ti ilé iṣẹ́ àtijọ́ Marlin, wọ́n kó iṣẹ́ náà lọ sí ibòmíràn, ọ̀pọ̀ àwọn àgbà oníṣẹ́ ibẹ̀ kò sì bá a lọ. Àwọn tí ó ra ìbọn tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ráhùn gidigidi. Remington wọ gbèsè, ilé iṣẹ́ Ruger sì ra Marlin ní 2020. Ní Birmingham náà, Webley & Scott dẹ́kun ìbọn ọdẹ ní 1979.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ bá ti Múṣin mu ní ibì kan: ìmọ̀ ọwọ́ kì í wà nínú ẹ̀rọ nìkan, inú ọwọ́ àti etí àwọn àgbà oníṣẹ́ ni ó wà, bí wọ́n bá sì tú ká, ó ṣòro láti kó o jọ. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà. Ẹni tí ó ra ìbọn tí kò dára ní Amẹ́ríkà mọ ẹni tí yóò kọ̀wé sí. Orúkọ ilé iṣẹ́ wà lára rẹ̀. Ìbínú àwọn ọdẹ ibẹ̀ lè mú kí ilé iṣẹ́ tún ọ̀nà rẹ̀ ṣe. Ìbínú ọdẹ àdúgbò tiwa kò ní ibi tí yóò lọ.

Ìbọn tí ó kù àti ìbọn tí ó ti lọ

Ohun kan ṣẹ́kù tí ó yẹ kí olùkọ́ ìtàn kíyè sí. Bí a bá wo ìbọn àtijọ́ tí ó wà ní igun yàrá àwọn ọdẹ lónìí, gbogbo wọn ni ó dára. Ó gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí kò dára ti bẹ́ ní ọdún 1830, ní 1860, ní 1880. Wọ́n ti di ọkọ́ àti ọ̀bẹ ní ilé arọ, àwọn tí wọ́n sì pa kò sí láyé láti sọ tiwọn. Àwọn tí ó kù ni a ń fi ṣe ẹ̀rí fún gbogbo wọn. Ó dà bí ẹni tí ó wo àwọn arúgbó ìlú, tí ó wá ní ní ayé àtijọ́, kò sí ẹni tí ń kú ní èwe.

Nítorí náà, kí ni a ó sọ nípa ọ̀rọ̀ ọdẹ àdúgbò wa? Ohun tí ó sọ nípa ìbọn méjì tirẹ̀ jẹ́ òótọ́ pọ́nńbélé. Ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ nípa gbogbo ìbọn àtijọ́ kì í ṣe òótọ́. Ìbọn 1766 burú ju ọ̀pọ̀ ìbọn òní lọ. Ìbọn tí ó ní àmì ìdánwò dára ju ìbọn páìpù lọ. Ìbọn tí baba alágbẹ̀dẹ Múṣin so mọ́ igi dára ju èyí tí a tà ní òru láìyìn ín rí. Àtijọ́ àti òde òní kọ́ ni ó dojú kọ ara wọn. Ohun tí a dán wò àti ohun tí a kò dán wò ni. Kódà ìbọn baba náà, bí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ́ nínú, ìdánwò tí a ṣe fún un ní ọ̀rúndún tí ó kọjá kò lè gbà á sílẹ̀ lónìí. A sọ èyí fún baba náà gbangba.

Ohun tí ó kan àwa olùkọ́ àti olùyẹ̀wò

Ẹnì kan lè bèèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ èdè Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ ìbọn. Ó kàn wá ní ọ̀nà mẹ́ta.

Lọ́nà kìíní, àwa ni a ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ìṣẹ̀ǹbáyé. Bí a bá ń kọ́ wọn pé gbogbo ohun àtijọ́ ni ó dára, a kò kọ́ wọn ní ìtàn, oríkì ni a ń ki. Oríkì ní àyè tirẹ̀, ìtàn sì ní àyè tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ọ́ pé ìbọn àtijọ́ dára gbọ́dọ̀ sọ èyí tí ó ní lọ́kàn, ẹni tí ó ṣe é, àti ìdí rẹ̀. A dábàá pé kí olùyẹ̀wò fi máàkì sí ìdí, kí ó má fi sí gbólóhùn lásán.

Lọ́nà kejì, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà jẹ́ ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ohun tí wọ́n rí ni. Ọdẹ wa rí ìbọn méjì. Alágbẹ̀dẹ rí baba rẹ̀ àti Múṣin. Shelburne rí Birmingham. Kò sí ẹni tí ó rí gbogbo rẹ̀ tán. Iṣẹ́ tiwa ni láti kó wọn jọ sójú kan, láìfi ìwé tẹ́ ẹnu àgbà, láìsì fi ẹnu àgbà pa ìwé rẹ́.

Lọ́nà kẹta, èdè ń lọ pẹ̀lú iṣẹ́. Nínú kíláàsì kan tí a bi léèrè ohun tí apátí jẹ́, kò sí ọmọ tí ó mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n mọ òwe rẹ̀ sórí. Ẹwìrì, owú, ẹmú, ilé arọ: a gbọ́dọ̀ mú àwọn ọmọ lọ síbi tí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ṣì ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó kù sínú ìwé nìkan. Láti Sùúrùlérè dé Múṣin kò jìnnà. Iná alágbẹ̀dẹ ṣì ń jó níbẹ̀.

Ìkádìí

A ti fi hàn pé ìbọn búburú kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ wa. Òun ni ọ̀pọ̀ baba wa kọ́kọ́ rà. A ti fi hàn pé ìdánwò àti orúkọ oníṣẹ́ ni ó mú kí àwọn kan nínú ìbọn àtijọ́ dára, àti pé òfin tí ó lé iṣẹ́ náà wọ inú òkùnkùn láìsí ọ̀nà ìdánwò kankan ni ó mú kí ti òde òní máa bẹ́. A kò sọ pé kí gbogbo ènìyàn máa rọ ìbọn. Ohun tí a sọ ni pé bí ìjọba bá ń pe ọdẹ láti ṣọ́ ìlú, ó yẹ kí ẹnì kan ti yin ìbọn ọdẹ náà wò kí ó tó gbé e lé e lọ́wọ́.

Ọdẹ àdúgbò wa ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Tọ́ọ̀ṣì àti fèrè ni ó ń lò báyìí. Ìbọn baba rẹ̀ wà nínú aṣọ tí ó fi wé e. Nígbà mìíràn, bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa kan bá ń kọjá, yóò pè é, yóò tú aṣọ náà, yóò sì fi ìka mẹ́ta tí ó kù lọ́wọ́ òsì rẹ̀ tọ́ka sí adé kékeré náà. Ó ti mọ ohun tí ó jẹ́ nísinsìnyí, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ.